Mo Tún Ilé Kíkọ́ Kọ́ Nítorí Aláìsàn

Bàbá bu ilẹ̀pa ẹ̀kúnwọ́ kan nínú òkìtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀, ó wọ́n omi sí i, ó fún un pọ̀ títí ó fi rí róbótó bí òkèlè iyán. Ó na apá rẹ̀ síwájú ní déédéé àyà, ó sì jẹ́ kí ó já bọ́ sórí pákó tí a tẹ́ sílẹ̀. Ó fọ́ yángá, ó di eruku. "Omi kò tó." Ó tún òmíràn fún. Èyí pẹlẹbẹ sórí pákó, kò pín rárá. "Omi ti pọ̀ jù." Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó pín sí mẹ́rin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Bàbá gbójú sókè wò mí. "Èyí ni ẹ̀rọ máa gbà. Ìwọ náà fún tìrẹ."

Ìgbà méjìdínlógún ni mo fún tèmi lọ́jọ́ náà kí Bàbá tó ní kí n lọ jẹun.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe bíríkìlà nígbà yẹn. Mo ti gba fìríìdọ̀ọ̀mù, mo ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ mi, àwọn ènìyàn sì ti ń pe èmi náà ní ọ̀gá láàárín Ìkìrun sí Òkukù. Kò sí ẹni tó fipá mú mi padà sí ẹnu ìkọ́ṣẹ́. Fèrèsé kan ló dá mi padà.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo lò lábẹ́ ọ̀gá mi àkọ́kọ́. Ní ọdún kìíní, omi ni mo ń pọn, yanrìn ni mo ń fi ṣọ́bìrì kó, kọ́ńkéré ni mo ń pò títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi yi. Ọ̀gá mi mọ iṣẹ́. Bí ó bá ta okùn, tí ó sọ irin kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ògiri náà kò ní fi ìbú igi ìṣáná yẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ló kọ́ mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tí a béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ kí a tó wa ìpìlẹ̀. Ibi tí títì bá wà ni ilé ń kọjú sí. Bí onílé bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni kan fún mi, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Títì ibẹ̀ lọ láti àríwá sí gúúsù, nítorí náà iwájú ilé kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ sí ìwọ̀-oòrùn. Onílé fẹ́ kí ó rí bí báǹkì: gíláàsì dúdú, fèrèsé tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àjà tó lọ sílẹ̀, éèsì ní gbogbo yàrá. Mo ṣe é, ó dán. Wọ́n ya fọ́tò mi níwájú rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àbúrò mi obìnrin bímọ síbẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ìgbà tí ooru ń mú jù. NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo wọlé. Ìyá mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà pẹ̀lú ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì kan mú èèpo fáìlì, ó ń fi fẹ́ ọmọ tí kò tíì lo ọjọ́ kan láyé. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ti wọ̀ tipẹ́, síbẹ̀ ògiri ṣì gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ló to búlọ́ọ̀kù yẹn. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí fèrèsé yẹn sí i." Mo fà á. Ó ti ṣí dé ibi tí ó lè ṣí dé. Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, bí a bá ti ń ṣí apá kan ni à ń fi bo apá kejì. Ìdajì ni àṣímọ rẹ̀. Kò sì sí ojú kankan lára ògiri òdì-kejì tí atẹ́gùn ìbá gbà jáde. Èmi tí mo kọ́ ọ ni mo dúró síbẹ̀, tí n kò rí nǹkan kan ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Bàbá, tí wọ́n wá di ọ̀gá mi kejì.

Bàbá ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní ìgbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n ti bá àwọn tó ń lo ẹ̀rọ bíríkì ilẹ̀pa ṣiṣẹ́, irú èyí tí NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà láti 1978, ń polongo rẹ̀. Ẹ̀rọ tiwọn kò lo iná. Apá irin gígùn kan ni à ń fi ara tẹ̀ mọ́lẹ̀, bíríkì á sì yọ, igun rẹ̀ á mú bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e. Mo béèrè iye tí n ó san. Wọ́n ní, "Mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ti mọṣẹ́. Sùúrù ni kí o mú wá."

Òótọ́ ni, sùúrù ni iṣẹ́ náà. A kọ́kọ́ ń ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, nítorí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kì í jẹ́ kí bíríkì le. Ilẹ̀pa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni à ń wà. A bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò, a rọ omi sí i, a mì í, a gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á sùn lé e lórí, ojú lásán á sì rí bí ìkíní ṣe pọ̀ sí ìkejì. Lẹ́yìn èyí ni àpótí pákó kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú àti gíga rẹ̀ 4 sẹ̀ǹtímítà. A fi ilẹ̀pa tútù kún un, a gbé e síbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ilẹ̀ náà bá ṣe sún kúrò létí àpótí tó, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni a ó ṣe mọ bí sìmẹ́ńtì yóò ti tó. Ilẹ̀ ẹ̀yìn Ìkìrun tí à ń lò kò gbà ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Tí a bá tẹ bíríkì tán, a ó fi ọ̀rá bò ó kí omi inú rẹ̀ má tètè gbẹ, yóò sì pé ọjọ́ 28 kí a tó gbé e sórí ògiri.

Mo béèrè lọ́jọ́ kan ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó báyìí nígbà tí àpò sìmẹ́ńtì wà lọ́jà. Bàbá kò dáhùn. Ọmọ wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló dá mi lóhùn. Ó ní nínú gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú sójú ọ̀run, nǹkan bí 8 nínú 100 ló ń ti ọ̀dọ̀ sìmẹ́ńtì wá, nítorí òkúta tí wọ́n ń sun àti iná tí wọ́n fi ń sun ún. Ó fi kún un pé ètò ìlera gbogbo ayé fúnra rẹ̀ ń tú tó 4.4 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan tó jáde ní 2019 ṣe fi hàn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ilé tí a kọ́ láti fi wo aláìsàn tún wà lára ohun tó ń mú kí ooru pọ̀ sí i lórí aláìsàn.

Ẹ̀kọ́ oòrùn ni mo gbádùn jù. Oṣù Òkúdù ni. Bàbá ri ọ̀pá ọparun kan mọ́lẹ̀ láàárín ilẹ̀ gbalasa, wọ́n ní kí n máa fi òkúta kékeré sàmì sí ibi tí òjìji orí rẹ̀ bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, òjìji náà ṣubú sí apá gúúsù. Mo rò pé mo ti ṣì í. Láti kékeré ni mo ti gbà pé òkè orí wa gan-an ni oòrùn ń gbà. Bàbá ní kí n padà wá ní oṣù Ọ̀pẹ. Mo padà lọ, òjìji ti lọ sí àríwá, ó sì gùn ju ti Òkúdù lọ. Ìkìrun sún mọ́ ìwọ̀n 8 lápá àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Fún ìdí èyí, ní Òkúdù oòrùn ọ̀sán ń yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá wa, ní Ọ̀pẹ ó ń yẹ̀ sí gúúsù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ní ìgbà méjèèjì, ó ga lókè. Etí òrùlé tó yọ síta dáadáa lè dí i. Èyí tí etí òrùlé kankan kò lè dí ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó ń wọlé ní ìdábùú bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ojú gígùn wọ́ọ̀dù fi gbọ́dọ̀ wà ní àríwá àti gúúsù, kí orí ilé méjèèjì tó kúrú kọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí ó sì jẹ́ pé balùwẹ̀ tàbí yàrá ìkẹ́rùsí ni yóò gba ooru náà.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ gbogbo ló kọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Bàbá mú mi lọ sí Ìbàdàn. A kọ́kọ́ wo ilé ìjọ àwọn Dòmíníkà ní Ṣàmọ́ńdà, tí Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, fi búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa àti sìmẹ́ńtì kọ́ ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní 2023, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá ní Venice nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láyé. Mo fọwọ́ pa ògiri náà. Ilẹ̀pa wa ni. Ibẹ̀ la ti lọ sí ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957 pẹ̀lú ibùsùn 500, tí iléeṣẹ́ Watkins Gray ti Lọ́ńdọ̀nù ya àwòrán rẹ̀. N kò wo ẹwà. Bàbá ní kí n ka fèrèsé, kí n wo bí ilé náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ilé tó bá fẹ̀ jù, atẹ́gùn kì í la inú rẹ̀ já.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni ọmọ wọn ka ìṣirò kan fún wa nínú fóònù rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2009 pé ní wọ́ọ̀dù tí kò lo ẹ̀rọ, aláìsàn kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó rí 60 lítà afẹ́fẹ́ tuntun ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ṣírò rẹ̀ ní garawa. Garawa mẹ́ta ni, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́jú. Fún ẹni tí àrùn rẹ̀ ń ràn nínú afẹ́fẹ́, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ, 160 lítà ni: garawa mẹ́jọ. Ó tún ka èyí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Lima, ní orílẹ̀-èdè Peru, tó jáde ní 2007. Wọ́n wọn yàrá tí a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pààrọ̀ tó ìgbà 28 ní wákàtí kan, nígbà tí yàrá olówó ńlá tó ń lo ẹ̀rọ wà ní 12. Àwọn ilé àtijọ́, tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn tóbi, ló borí gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé yàrá iṣẹ́ abẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ nílò afẹ́fẹ́ tí a sẹ́, kò sì sí bíríkìlà tó gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé ibẹ̀. Àmọ́ wọ́ọ̀dù ìyá ọmọ, wọ́ọ̀dù ọmọdé, ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó de dókítà, kí ló dé tí a fi ń pa wọ́n dé bí àpótí?

Ọmọ náà tún fi àwòrán hàn wá: ilé ìwòsàn Butaro ní Rwanda, tí MASS Design Group kọ́ ní 2011, níbi tí wọ́n ti gbé ọ̀nà àárín ilé jáde síta kí àwọn tó ń wúkọ́ má baà tò mọ́ra wọn nínú òkùnkùn, àti ilé ìwòsàn tí Francis Kéré fi bíríkì amọ̀ títẹ̀ kọ́ sí Léo ní Burkina Faso ní 2014. Bàbá wo ti Butaro pẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí agbo ilé ìyá mi àgbà ní Òkukù. A bá ojú irin rìn lọ. Ojú irin yẹn dé Òṣogbo ní 1907, kí ó tó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Mo ti sùn nínú ilé ìyá àgbà láìmọye ìgbà, n kò wò ó rí. Bàbá ní kí n fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́jọ láti ìdí ògiri dé ibi tí òjò ń kán sí. Ògiri amọ̀ nípọn ju gígùn apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Àkòdì ṣí sí ọ̀run láàárín, ooru ilé ń gba ibẹ̀ gòkè, ìkòkò ńlá sì wà ní igun tí òjò òrùlé ń dà sí. Ọ̀sán gangan ni, ìyá àgbà fi ìró bo ẹsẹ̀, wọ́n ní òtútù ń mú wọn. Wọ́n fi omi tútù gbà wá, wọ́n sì bi wá ní ohun tí à ń wá. Mo ní, "Ìyá, ilé yín là ń kọ́." Wọ́n rò pé a fẹ́ tún un kọ́, wọ́n bẹ̀ wá kí a má wó o.

Ní Ìnísà ni mo ti fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ìlú kan dá owó jọ láti fi wọ́ọ̀dù ìyá ọmọ kún ibùdó ìlera kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní wọ́ọ̀dù ìṣèlú 332, ibi tí ètò ìjọba sì ń lé ni pé kí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé kan wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú omi tó mọ́ àti fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì. A tẹ́ ilé náà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ló kọ sí títì. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú. Bàbá ní, "Aláìsàn kì í sùn sójú títì." A fi lúfà sí ìsàlẹ̀ ní apá gúúsù níbi tí atẹ́gùn òjò ti ń bọ̀, a fi ojú ihò tó ga sí apá àríwá lábẹ́ òrùlé, a sì ṣe ilẹ̀kùn pákó sí wọn fún ìgbà ọyẹ́, nítorí eruku ọyẹ́ kò dára fún ọmọ tuntun.

Omi náà ní ìṣirò tirẹ̀. Mílímítà òjò kan lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti òòró jẹ́ lítà kan. Òrùlé wa gba irú mítà bẹ́ẹ̀ 200. Òjò 30 mílímítà kan ṣoṣo lè mú bí 6,000 lítà wá sí gọ́tà, bí èyí tó ṣòfò kò bá pọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ rọ̀ ni à ń dà nù, ìgbẹ́ alángbá ló wà nínú rẹ̀. Páànù sólà dojú kọ gúúsù díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ kúrò láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì.

Ohun kan wà tí ìwé kankan kò kọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ìdílé lágbègbè wa ṣì ń fẹ́ ri ibi ọmọ wọn mọ́lẹ̀ nílé, fúnra wọn. Mátírọ́ọ̀nù ibùdó ìlera náà ló rán wa létí. A ṣe pẹpẹ kékeré kan àti ibi ìfọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yàrá ìbímọ, kí bàbá ọmọ lè gbà á níbẹ̀ láì gba àárín àwọn aláìsàn kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó le jù ní Ìnísà ni ìyá tó ń nu ilẹ̀. Mo ti rẹ́ ògiri, mo ti rẹ́ ilẹ̀, igun tí wọ́n ti pàdé mú rekete, inú mi dùn sí i. Bàbá pe ìyá náà, wọ́n ní kí ó nù ún bí ó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó ki mọ́ọ̀pù bọ omi aláró tí a fi ṣe ìdánwò, ó nù ún dáadáa, ó sì kúnlẹ̀. Ó ti ọmọ ìka rẹ̀ bọ igun náà, ó gbé e sókè: aró wà lórí rẹ̀. "Bùọ̀dá, ibí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí." Mo gbé gọ́bù, mo gé igun wọ́ọ̀dù náà yíká fún ọjọ́ méjì. Bàbá mú ìgò òfìfo kan, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fa sìmẹ́ńtì tútù lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí ìdí ògiri fi tẹ̀ kọrọdọ bí inú igbá. Ìyá náà tún fi mọ́ọ̀pù kọjá. Kò sí ohun tó kù.

Ọjọ́ tó ṣáájú kíkùn ọ̀dà ni Bàbá gbé koríko tútù wọ inú wọ́ọ̀dù, wọ́n fi iná sí i nínú abọ́ irin ní ibi tí ibùsùn kọ̀ọ̀kan yóò wà. A jókòó sílẹ̀ láti wo èéfín. Ó yí díẹ̀, ó gbé orí, ó wá àwọn ojú ihò òkè, ó sì jáde ní ibùsùn kìíní, ìkejì, ìkẹta. Nígbà tó kan ìkẹfà, ó dúró. Ó rọ̀ ní gíga orí ẹni tó bá jókòó, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mátírọ́ọ̀nù ní igun yẹn gan-an ni òun fẹ́ máa tẹ́ ìyá tó bá ń wúkọ́ sí. Èmi ni mo dí ojú ihò tó yẹ kó wà lókè ibẹ̀, nítorí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó, tí n kò fẹ́ kí ìtò bíríkì mi dà rú.

Bàbá kò sọ nǹkan kan. Mo gbé àkàbà, òòlù àti gọ́bù, mo yọ bíríkì méjì kúrò lábẹ́ òrùlé. Wọ́n tún fi koríko sí abọ́. Èéfín kún igun náà títí n kò fi rí ògiri mọ́, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Bàbá ní kí n máa ka iye. Mo kà dé ogójì, mo sì rí òpó. Mo kà dé márùndínláàádọ́rin, mo rí ìtò bíríkì, àti ojú ọ̀run nínú ihò tó wà lókè rẹ̀.